Ìbínú Tó Ń Ti Ọ̀fun Wá

Ọjọ́ tí mo ju abẹ́rẹ́ lu awakọ̀ kan ní Coconut, ibi tí àwọn tírélà máa ń dúró sí ní Apapa, ni gbogbo èèyàn fẹnu kò sí i pé orí mi ti dàrú. Abẹ́rẹ́ ọ̀hún kì í ṣe èyí tí ẹ fi ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù. Ó gùn ju ìka àárín mi lọ, ó nípọn, òun la fi ń rán tapólì tí wọ́n ń tẹ́ bo ẹrù orí tírélà. Ó fo etí ọkùnrin náà dá, ó gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀, ó sì já sínú gọ́tà. Lónìí mo dúpẹ́ pé kò bà á. Lọ́jọ́ yẹn, kí n má purọ́, ohun tó dùn mí ni pé kò bà á.

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Kétu kò ní gba ìtàn yìí gbọ́. Nílé wa, èmi ni wọ́n máa ń ké sí kí n wá bá wọn parí ìjà. Ìyá mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí wọ́n bá gbá mi létí, màá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbá mi bóyá ọwọ́ ò dùn ún. Irú obìnrin tí mo jẹ́ nìyẹn nígbà tí mo fi ilé sílẹ̀.

Mi ò ní fi ìrìn àjò yọ yín lẹ́nu. Kétu wà ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ni nílé ìwé, èèyàn sì lè kúrò níbẹ̀ láàárọ̀ kó dé Èkó kí oòrùn tó wọ̀. Télọ̀ aṣọ obìnrin ni mí, wọ́n sì ti ní obìnrin kan ní Apapa ń wá ẹni tó mọṣẹ́. Ìgbà tí mo débẹ̀, obìnrin náà ti ti ṣọ́ọ̀bù, ó ti kó lọ. Ẹ̀gbọ́n mi Pọ́ọ̀lù, tó máa ń wá ra ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Apapa, ló mú mi lọ bá ẹnì kan tó mọ̀. Ọ̀gá Múfú ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, alátapólì ni. Ó wo ọwọ́ mi, ó ní ẹni tó bá lè rán aṣọ obìnrin lè rán tapólì, pé tapólì kì í sọ pé ìbàdí òun ò jókòó dáadáa. Bí mo ṣe di ẹni tó ń rán aṣọ fún ọkọ̀ nìyẹn.

Mo ti máa ń rò pé ìlú òkèèrè ni ibi tí èèyàn kò bá ti gbọ́ èdè. Ní Èkó, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, ìyà ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ mi, mo ń gbọ́. Bí wọ́n bá ń fi bí mo ṣe ń sọ Yorùbá rẹ́rìn-ín, mo ń gbọ́. Faransé kékeré tó bá yọ́ jáde lẹ́nu mi, wọ́n á gbé e láti ẹnu dé ẹnu títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi ń pè mí ní Kútọ́nu. Kútọ́nu tí mo ń sọ yìí, n kò dé ibẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láyé mi. Bí mo bá ní Yorùbá ni mí, pé ọmọ Odùduwà ni Alákétu wa, wọ́n á ní, "Ó dáa, Yorùbá Kútọ́nu." Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i nígbà yẹn, torí mo ṣì ní sùúrù.

Ní Ajégúnlẹ̀ tí mo ń gbé, yàrá mi kọjú sí ti obìnrin kan tó jẹ́ ẹ̀yà Ijaw, tó ń jẹ́ Mama Ebi. Kò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀" lọ, èmi náà ò tíì gbọ́ Pidgin. Síbẹ̀ òun nìkan ni kò béèrè ibi tí mo ti wá rí. Ọjọ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún un, ó ní, "Leave am. You be my neighbour." Ọ̀rọ̀ náà tu mí lára ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Iṣẹ́ tapólì kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Tí ọ̀kan bá dé, a ó fi okùn so ó sáàárín ọkọ̀ méjì lọ́sàn-án gangan, èmi á sì wọ abẹ́ rẹ̀. Inú ibẹ̀ á ṣókùnkùn, á móoru. Ibikíbi tí oòrùn bá ti yọjú wọlé, bó ti wù kó kéré tó, ihò nìyẹn, màá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Lẹ́yìn náà la ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, a ó lẹ̀ ẹ́, a ó rán an. Ihò tó kéré ju orí ìṣáná lọ lè ba ìyẹ̀fun jẹ́ láti Apapa dé Ìlọrin bí òjò bá rọ̀. Ọ̀gá Múfú sọ níwájú gbogbo èèyàn pé òun ò tíì rí ẹni tí ojú rẹ̀ mú tó tèmi. Inú mi dùn débi pé mo ra ẹja dání lọ sílé lọ́jọ́ yẹn.

Ọdún kejì ni nǹkan bẹ̀rẹ̀. Ooru ló kọ́kọ́ dé. Gbogbo èèyàn ló ń làágùn ní Èkó, àmọ́ tèmi ò mọ ìgbà tí òjò rọ̀, kò mọ ìgbà tí atẹ́gùn fẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Màá jókòó jẹ́ẹ́, àyà mi á máa lù kìkìkì bíi pé mo gbé àpò sìmẹ́ǹtì gun àkàbà. Oorun lọ. Mò ń jẹun bíi ti ẹni méjì, síbẹ̀ sòkòtò tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ń já bọ́ nídìí mi. Mama Ebi a máa wo abọ́ mi, á mi orí, á ní, "You dey chop, body no dey collect am."

Kí n sọ ti ìbínú náà. Kì í ṣe ìbínú tó máa ń gba ọkàn èèyàn nígbà tí wọ́n bá fìyà jẹ ẹ́. Á kàn dé ni. Ẹnì kan á fi ṣíbí kan etí abọ́, màá fẹ́ já abọ́ náà gbà kí n sọ ọ́ mọ́ ògiri. Ẹnì kan á ní, "Kútọ́nu, ẹ káàárọ̀ o," màá dá a lóhùn bí ẹni pé ó bú baba mi. Tó bá di wákàtí kan sí i, ẹkún ni, n kò sì lè sọ ohun tí mò ń sunkún lé lórí. Ojú ara mi ń tì mí. Mo ń wo ara mi tí mo ń ṣe nǹkan wọ̀nyí, bí ẹni tó wà lẹ́yìn awakọ̀ tó ń sá eré àsápajúdé, tí kò sì sí ohun tó lè fi ọwọ́ rẹ̀ dì mú.

Mo sọ fún wọn o, ẹ má rò pé n kò sọ. Mo sọ fún Ọ̀gá Múfú pé ọkàn mi ń sáré, ó ní kí n dín tíì kù. Mo sọ fún obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní àwọn ará ilé mi ló ń bá mi jà, pé kí n gba ààwẹ̀. Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni mo bá obìnrin náà fúnra rẹ̀ jà nítorí àga.

Ọjọ́ Ìsinmi ni mo máa ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ ó mọ bí ìkíni wa ṣe rí. A kì í fi ìṣòro dá ìkíni lóhùn. Bí ilé bá ń jó lẹ́yìn rẹ, tí àgbà bá ní, "Ṣé àlàáfíà ni?" àlàáfíà ni wàá pè é. Bí ọ̀rọ̀ burúkú bá wà, a ó wá àgbàlagbà kan tí yóò bá wa fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹun tán. Àṣà tó dáa ni. Kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pa èèyàn lójijì. Ṣùgbọ́n èmi ò ní àgbàlagbà kankan ní Ajégúnlẹ̀ tí mo lè rán lọ sí Kétu.

"Ṣé àlàáfíà lo wà?"

"Àlàáfíà ni, Ìyá."

"Ara ńkọ́?"

"Ara le, a dúpẹ́."

"Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Iṣẹ́ ń lọ."

Báyìí la ṣe ń ṣe é fún oṣù mẹ́jọ. Màá pa fóònù, màá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, inú á máa bí mi sí ìyá mi pé kò mọ ohun tí n kò sọ fún un.

Nígbà tó pọ̀ jù, mo gba ilé ìwòsàn kan lọ, lẹ́bàá Liverpool Road. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọmọlúàbí, ọmọ Yorùbá ni. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ mà. Ara ńkọ́?" Kí n tó ronú, ẹnu mi ti dáhùn: "Ara le, a dúpẹ́." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí ló wá gbé mi wá. Ojú tì mí láti yí ọ̀rọ̀ padà, mo bá ní orí ló ń fọ́ mi díẹ̀. Wọ́n fún mi ní oògùn ibà. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Èmi ni mo fi ẹ̀tẹ̀ pamọ́, tí mo na làpálàpá sí wọn.

Ọwọ́ mi ló wá tú mi fó. Ẹni tó ń rán nǹkan, ọwọ́ ni gbogbo ohun tó ní. Tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Òwú kò wọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́ bí kò ṣe lẹ́ẹ̀karùn-ún. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Ráṣíìdì dúró tì mí, ó ń wò mí bí mo ṣe ń wá ojú abẹ́rẹ́.

"Kútọ́nu," ó ní, "àárọ̀ kùtù báyìí, ṣé o ti lọ ta ògógóró sára ni? Wo ọwọ́ ẹ bó ṣe ń jó."

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ mi kí ẹ̀rín náà tó parí.

Ọ̀gá Múfú ò pariwo lé mi lórí. Ì bá pariwo, ì bá sàn. Ó mú mi lọ sábẹ́ páànù, ó sì sọ̀rọ̀ bíi pé ọmọdé ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Lọ sílé, lọ sinmi. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n ẹ."

"Ọ̀gá, ara mi ni ò yá."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi pè é nìyẹn. Ó ní òun á wá mú ẹ lọ́jọ́ Jímọ̀. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti máa ń tọ́jú irú ẹ̀ nílé yín."

Mo mọ ibi tó ń sọ. Ilé àdúrà kan ni lẹ́yìn ìlú, níbi tí wọ́n ti ń so èèyàn mọ́lẹ̀ títí orí rẹ̀ á fi walẹ̀. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀, kódà bó bá jáde, orúkọ ti yí padà fún un. Kò sẹ́ni tó máa gbé aṣọ fún un rán mọ́, kò sẹ́ni tó máa fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohunkóhun tó bá sọ títí tó fi máa kú, wọ́n á ní, "Ẹ má dá a lóhùn, ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n." Èyí ló bà mí lẹ́rù ju okùn lọ. Mo ní ọjọ́ mẹ́fà.

Mama Ebi ló gbà mí. Lọ́jọ́ Ajé, ó bá mi ní ẹnu ọ̀nà tí mo jókòó sí, ó tẹjú mọ́ ọrùn mi. "Swallow spit," ó ní. Mo gbé itọ́ mì. "Again." Mo tún gbé e mì. Ó dìde, ó wọlé lọ yọ gèlè tó máa wé sílẹ̀. "Tomorrow you and me dey go hospital. And you no go open mouth."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ilé ìwòsàn kan náà la padà lọ. Dókítà tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin tó rí bí ẹni tí oorun ń kùn. Ó kí mi, ó béèrè ara, ẹnu mi là, Mama Ebi sì gbá mi lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Doctor, no mind wetin she wan talk," ó ní. "Dis woman no dey sleep. She dey chop, she dey dry. Her hand dey shake. She dey cry, she dey fight everybody. She throw needle for person. E don reach eight months. Look her neck."

Ọ̀rọ̀ tí n kò rí sọ láti oṣù mẹ́jọ, obìnrin yìí fi ìṣẹ́jú kan sọ ọ́ tán. Dókítà náà gbé bíróò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó fi bébà kan lé ẹ̀yìn ìka mi. Bébà náà ń gbọ̀n pẹ̀ẹ̀pẹ̀ẹ̀. Ó fún mi ní omi mu, ó ń wo ọ̀fun mi bí mo ṣe ń mu ún. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ń wo aago. Lẹ́yìn náà, ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, kí n padà wá ní Ọjọ́bọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, èmi àti Mama Ebi padà lọ, ìwé àyẹ̀wò ti wà níwájú dókítà náà.

"Ẹ wo ibí yìí," ó ní, ó fi ìka kan iwájú ọ̀fun tirẹ̀. "Nǹkan kékeré kan wà níbẹ̀, òun ló ń ṣe họ́mónù kan sínú ẹ̀jẹ̀. Tó bá wú, ẹ̀yin ń pè é ní gẹ̀gẹ̀. Họ́mónù yẹn ló ń sọ fún ara bó ṣe máa yára tó. Tiyín ti ṣe é ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí tí ọkàn yín fi ń sáré nìyẹn, tí oúnjẹ ò fi dúró lára."

"Gẹ̀gẹ̀ wà lọ́rùn, Dókítà. Orí mi ni wọ́n ní ó dàrú."

"Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń lọ sórí. Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Tí ajá bá ń lé yín, kí ló máa ṣe yín?"

"Àyà mi á já. Ọwọ́ mi á máa gbọ̀n."

"Ẹ máa lè sùn?"

"Rárá."

"Ara yín ti wà báyẹn láti oṣù mẹ́jọ, ajá kankan ò sì lé yín. Ọpọlọ ò mọ̀ pé họ́mónù ni. Ó ń rí ọkàn tó ń sáré, ó wá ń wá ajá kiri. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ ìsọkúsọ ló máa mú."

Mo bú sẹ́kún. Ó béèrè pé kí ló ń pa mí lẹ́kún báyìí. Mo ní n kò mọ̀, bóyá họ́mónù náà ni. A rẹ́rìn-ín, àwa mẹ́ta, títí kan Mama Ebi tí kò gbọ́ ju họ́mónù lọ nínú ọ̀rọ̀ wa. Ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín kẹ́yìn ṣáájú ìyẹn, n kò lè rántí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi Pọ́ọ̀lù dé lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì mi, ó ń wo ibi gbogbo bí ẹni tó ń wá nǹkan tí mo fọ́. Mo gbé oògùn tí wọ́n fún mi kalẹ̀ níwájú rẹ̀, mo gbé ìwé àyẹ̀wò tẹ̀lé e.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti rí ohun tó ń ṣe mí. Ẹ kà á."

"Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́." Faransé nìkan ló kà nílé ìwé. Ó dá a padà. "Àti pé gẹ̀gẹ̀ kì í mú kí èèyàn ju abẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní gẹ̀gẹ̀ ni mo mọ̀, tí wọ́n ń tajà wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Di ẹrù rẹ. Wọ́n ń retí wa."

"Mi ò lọ."

"Ṣé o rí i? Ìwọ tí o kì í bá mi jiyàn tẹ́lẹ̀."

Ohun tó ń múni bínú nínú kí wọ́n pe èèyàn ní wèrè nìyẹn. Bí o bá gbà, o jẹ́wọ́. Bí o kò bá gbà, wèrè ló ń bá wọn jiyàn. Ẹ̀gbọ́n mi bá fa fóònù yọ, ó pe ìyá wa kó lè fi ẹnu àgbà bá mi wí, ó sì ṣí i síta kí àwa méjèèjì lè máa gbọ́.

"Ọmọ mi," ìyá mi ní, "ṣé àlàáfíà lo wà?"

Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí. Ìdáhùn náà ti dé ètè mi. Mo gbé e mì.

"Rárá, Ìyá. Kì í ṣe àlàáfíà."

Ẹ̀gbọ́n mi ranjú mọ́ mi bíi pé mo ṣépè.

"Sọ ọ́ kí n gbọ́," ìyá mi ní.

Mo sọ ọ́. Mo sọ ti ọkàn, ti ooru, ti oorun, ti ọwọ́. Mo sọ ti ẹkún. Mo ní ara mi ò le rí láti oṣù mẹ́jọ, irọ́ ni mo ń pa fún un ní gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi. Mo sọ ohun tí dókítà sọ nípa gẹ̀gẹ̀ àti ọpọlọ. Kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan.

"Ṣé o ń jẹun?" ó béèrè.

"Mò ń jẹun gan-an, Ìyá, mo sì ń rù."

Ó mí kanlẹ̀. "Bí àbúrò ìyá mi ṣe ṣe nìyẹn. Ó ń jẹun bí ọkùnrin mẹ́ta, ó ń gbẹ. Ọrùn rẹ̀ wú díẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń bá jà, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ sókè tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní àjẹ́ ni. Ibi tí Pọ́ọ̀lù fẹ́ mú ọ lọ yẹn ni wọ́n mú un lọ, ìyá mi ló di aṣọ fún un. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú okùn nígbà tó kú." Ó wá pe ẹ̀gbọ́n mi: "Pọ́ọ̀lù."

"Ìyá."

"Fi ọmọ mi sílẹ̀ níbẹ̀. Jẹ́ kó lo oògùn rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi mú ìwé àyẹ̀wò náà, ó ń wo Gẹ̀ẹ́sì tí kò lè kà, ó ń wò ó títí. Nígbà tó yá, ó ní, "Mi ò mọ̀ ni." Ó padà sí Kétu lọ́jọ́ kejì láìmú mi dání.

Oògùn kì í ṣe idán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí n tó sun oorun tó tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ń lọ gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, wọ́n ń dín oògùn, wọ́n ń fi kún un. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan dé tí mo fi òwú kan ojú abẹ́rẹ́ tó sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo yọ ọ́, mo tún fi bọ̀ ọ́, bóyá èèṣì ni. Ó tún wọlé. Mo lọ kúnlẹ̀ bẹ Ọ̀gá Múfú, mo bẹ Ráṣíìdì, mo bẹ obìnrin tí a jọ jà nítorí àga ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo wọn ló dárí jì mí, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa parí sí. Kò parí síbẹ̀. Láti Kútọ́nu, mo di Họ́mónù. Ráṣíìdì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, gbogbo Coconut sì gbà á. Wọn ò fi ṣìkà o, eré ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Mo sọ nínú ilé wa pé kò dáa kí èmi nìkan máa fọ balùwẹ̀ tí ìdílé márùn-ún ń lò. Wọ́n wo ara wọn. Ẹnì kan fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè bóyá mo ti lo oògùn mi. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ kan má ti mí nígbà tí mo bá wà lábẹ́ tapólì, ó ní, "Ẹ má bínú, àǹtí, ẹ lọ lo oògùn yín." Mama Ebi pàápàá, tí mo fẹ́ràn bí ẹ̀jẹ̀ mi, ọjọ́ tí mo ní rédíò rẹ̀ ti pariwo jù, ó ní, "You don swallow am today?"

Tẹ́lẹ̀, àlejò ni mí, wọn ò gbọ́ mi. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní wèrè ni mí, wọn ò gbọ́ mi. Ara mi wá yá, mo ní ìwé láti fi hàn wọ́n, wọ́n ṣì tún rí ibi tí wọ́n máa gbà tí ọ̀rọ̀ mi ò fi ní wọ̀ wọ́n létí. Nígbà míì, mo máa ń jókòó kí n máa wádìí ara mi: ìbínú yìí, ṣé tèmi ni àbí ti ọ̀fun mi? Mo ń fi ìka kan ọrùn ọwọ́ mi, mò ń ka bó ṣe ń lù, kí n tó mọ̀ bóyá mo lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé nǹkan dùn mí. Ó ń rẹ̀ mí. Ẹni tí ara rẹ̀ le kì í wádìí ìbínú rẹ̀ kí inú tó bí i.

Ní oṣù tó kọjá, Ráṣíìdì gbé tapólì kan wá. Ìyẹ̀fun ló fẹ́ kó lọ sí Ìlọrin, àwọsánmà sì ti ń ṣú láti ọjọ́ bíi mélòó kan. Ó ń kánjú. Ọ̀gá Múfú ti ṣèlérí fún un pé kí oòrùn tó wọ̀, iṣẹ́ ti parí. A so tapólì náà, mo wọ abẹ́ rẹ̀. Ihò tí mo rí níbẹ̀ ò pọ̀, kò ju bíi mẹ́rin lọ. Àmọ́ nígbà tí a tẹ́ ẹ sílẹ̀ tí mo kọ́kọ́ fa òwú, aṣọ náà ya tẹ̀lé òwú. Mo sún síwájú, mo tún fà á, ó tún ya. Oòrùn ti jẹ ẹ́ láti inú wá. Bí a bá lẹ̀ ẹ́ ní ibi ọgọ́rùn-ún, kò ní dé Ìbàdàn.

"Ọ̀gá," mo ní, "ẹ má jẹ́ ká rán èyí. Ó ti jẹrà."

"Rán an bẹ́ẹ̀, jàre. Ṣáà lẹ̀ ẹ́ nípọn."

"Kò ní gbà á. Òjò máa wọ gbogbo ẹrù yẹn."

"Mo ti bá èèyàn ṣàdéhùn. Èmi ni mo kọ́ ẹ níṣẹ́ yìí, àbí ìwọ lo kọ́ mi?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, sà. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn. Mi ò ní rán an."

Ó ti gbójú sókè. Àwọn tó wà níbẹ̀ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ráṣíìdì fi ara ti táyà ọkọ̀ rẹ̀, ó ń wò wá, ẹ̀rín ti ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Gbọ́," Ọ̀gá Múfú ní, ohùn rẹ̀ rọ̀ bíi ti ọjọ́ tó lé mi lọ sílé, "ṣé o ti lo oògùn ẹ lónìí?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo wo ọwọ́ mi tó mú abẹ́rẹ́. Kò gbọ̀n. Mo tẹ́tí sí àyà mi, ó ń lù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bó ṣe máa ń lù ní Kétu. Inú sì ń bí mi síbẹ̀. Ìbínú náà jókòó sínú mi, kò sáré, kò wá ẹnikẹ́ni kiri, ó mọ ohun tó fà á. N kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá tèmi ni.

"Mo ti lò ó, sà," mo ní. "Tapólì yìí ṣì jẹrà."

Ọ̀gá Múfú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbá aṣọ náà mú, ó sì fi àtàǹpàkò tì í. Àtàǹpàkò rẹ̀ yọ sí òdìkejì.